Igi gogoro má gún wa lójú: Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ìbú àti òró àwòrán owó oṣù

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ṣàjèjì létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fèrèsé ilé. Fèrèsé inú kọ̀ǹpútà ni, níbi tí àwọn oníṣirò ti ń ya àwòrán tí a ń pè ní gíráàfù. Bí fèrèsé náà ṣe fẹ̀ tó àti bí ó ṣe ga tó ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì nìkan ni. Owó oṣù wa wà nínú rẹ̀.

Láyé òde òní, agbára káká ni àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń wá sí ìjókòó ìdúnàádúrà láìmú àwòrán dání. Wọn a tan iná ẹ̀rọ sára ògiri, wọn a fi ìlà kan hàn wá tí ó gbéra nílẹ̀, tí ó ń lọ sókè bí adému tí ń gun ọ̀pẹ. Wọn a ní, "Ẹ fi ojú ara yín rí i bí owó tí a ń san fún yín ṣe ń ròkè." Àwọn aṣojú wa a wò ó, ọkàn wọn a sì rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo nọ́ńbà inú àwòrán náà jẹ́ òótọ́, kí ó má sí irọ́ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Síbẹ̀ ojú a ti gba ohun tí nọ́ńbà kò sọ.

Èrò wa nìyí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí ẹ̀ka wa má ṣe gba àwòrán kankan wọlé sí ìjókòó ìdúnàádúrà àfi bí nọ́ńbà tí wọ́n fi yà á bá tẹ̀ lé e wá, tí àwa àti àwọn sì ti jọ fẹnu kò sí ìbú àti òró rẹ̀ kí wọ́n tó yà á.

NỌ́ŃBÀ KAN, OJÚ MẸ́TA

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun tí gbogbo wa mọ̀, èyí ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà là sílẹ̀. Ní 1981, ọdún tí ẹgbẹ́ NLC pe ìyanṣẹ́lódì káàkiri ilẹ̀ yìí, òfin fi í sí ₦125 lóṣù. Ní 1990 ó di ₦250. Ní 2000 ó di ₦5,500, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦7,500 ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 2011 ó di ₦18,000. Ní 2019 ó di ₦30,000. Ní 2024 ó di ₦70,000. Nọ́ńbà mẹ́fà péré ni. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà wọ́n tán kí omi ẹ̀bà tó hó.

Ní báyìí, ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ R. Ross Ihaka àti Robert Gentleman, olùkọ́ méjì ní yunifásítì Auckland ní ilẹ̀ New Zealand, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n gbé e karí èdè kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ S, èyí tí John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà láti 1976. Láti 1995 ni R ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn oníṣirò ìjọba, ti báńkì àti ti yunifásítì ń lò ó. Ẹni tí ń ya àwòrán fún àwọn ọ̀gá wa náà lè máa lò ó.

Bí a bá kó nọ́ńbà mẹ́fà yẹn sínú R, tí a ní kí ó fi ìlà so wọ́n pọ̀, tí a sì ní kí ó fi àwòrán náà pamọ́ sínú ìwé PDF láìsọ bí yóò ṣe tóbi tó, íńṣì 7 ní ìbú àti íńṣì 7 ní òró ni yóò fún un. Lára èyí, yóò yọ etí sílẹ̀ yíká fún orúkọ àwòrán àti fún àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó kù fún ìlà gan-an kò ju íńṣì 5.76 ní ìbú àti íńṣì 5.16 ní òró lọ. A ṣe ìṣirò rẹ̀: nínú àwòrán yìí, ìlà tí ó lọ láti 2019 sí 2024 yóò dúró ní nǹkan bí dígíríì 77. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tí yóò gun irú òkè bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí ẹnì kan wá sọ fún R pé ìbú 4, òró 9 ni òun fẹ́. Àwòrán náà a di tẹ́ẹ́rẹ́, a sì ga bí òpó iná. Ìlà kan náà yóò kọjá dígíríì 85. Kì í ṣe òkè mọ́, ògiri ni. Ẹni tí ó bá rí i yóò ní owó òṣìṣẹ́ ti fò lọ sójú ọ̀run.

Jẹ́ kí ẹlòmíràn sì sọ pé ìbú 12, òró 4 ni òun fẹ́. Ìlà yẹn kan náà a wá sílẹ̀ sí nǹkan bí dígíríì 45. Ó ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n ènìyàn lè fara balẹ̀ wo bí ó ṣe rìn.

Kò sí nọ́ńbà tí a yí padà nínú gbogbo èyí. ₦30,000 ṣì ni ₦30,000, ₦70,000 ṣì ni ₦70,000. Fèrèsé nìkan ni a fún pọ̀ tàbí tí a fà gbọọrọ. Òun ni àwọn baba wa ṣe ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bí a bá dúró de ìgbà tí àwòrán bá ti wà lára ògiri kí a tó béèrè bí ó ṣe ga tó, ó ti gún wa lójú ná.

ÌBÚ NI ỌDÚN TÍ A FI DÚRÓ

Nínú irú àwòrán yìí, òró ni náírà, ìbú sì ni ọdún. Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Ẹni tí ó bá fa òró gùn, owó ni ó ń mú tóbi lójú wa. Ẹni tí ó bá fún ìbú pọ̀, ọdún tí a fi dúró ni ó ń fún pọ̀.

Láti 2000 sí 2011, ọdún 11 gbáko, nọ́ńbà inú òfin kò kúrò lójú kan. Láti 2011 sí 2019, ọdún 8. Láti 2019 sí 2024, ọdún 5. Nínú àwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 4, ọdún 11 yẹn kò ní ju nǹkan bí íńṣì 0.65 lọ. Kò tó ìbú àtàǹpàkò àgbàlagbà. Nínú àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 12, ọdún 11 kan náà yóò gba íńṣì méjì ààbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2000 ti wọ iléèwé girama kí nọ́ńbà yẹn tó yí padà. Iye ọdún bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi sábẹ́ àtàǹpàkò.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìlà tí ó so 2000 mọ́ 2011 ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ń sọ fún ojú pé owó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó dúró sójú kan, lẹ́yìn náà ni ó fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. R mọ bí a ti í ya èyí. Bí a bá sọ fún un pé kí type jẹ́ "s", yóò yà á bí àtẹ̀gùn: pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà sókè gọnbọ, pẹrẹsẹ, sókè gọnbọ. Àtẹ̀gùn yẹn ni òótọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn pàápàá nílò fèrèsé tí ó fẹ̀, nítorí pé bí fèrèsé bá há, ibi pẹrẹsẹ náà a pòórá, sókè gọnbọ nìkan ni ojú yóò máa rí.

A kò sì gbàgbé pé owó inú òfin ọ̀tọ̀, ohun tí owó náà lè rà lọ́jà ọ̀tọ̀. Àwòrán owó oṣù tí kò ní àwòrán owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. R lè pín fèrèsé kan sí méjì tí ó dọ́gba, kí owó oṣù wà lápá kan, kí owó ọjà wà lápá kejì, ní ìbú kan náà àti òró kan náà. Àṣẹ tí ń ṣe é kò ju ìlà kan lọ.

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÒ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kọ̀ǹpútà ni ó kó èyí dé. William Playfair, ará Scotland, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ayàwòrán ẹ̀rọ fún James Watt, ni ó kọ́kọ́ tẹ ìwé tí ó kún fún irú gíráàfù báyìí, ní 1786. Ní 1821 ó ya òmíràn tí ó kan irú ènìyàn bíi tiwa gan-an. Ó fi owó òṣùwọ̀n àlìkámà kan hàn láti 1565 títí di ìgbà tirẹ̀, ó sì fi owó ọ̀sẹ̀ kan tí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ ń gbà hàn nínú àwòrán kan náà. Ohun tí ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà ni pé, bí a bá fi owó oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀n ọ́n, àlìkámà kò tíì pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán náà fúnra rẹ̀: ọwọ̀n àlìkámà ga gogoro, wọ́n dúró bí igbó. Ìlà owó oṣìṣẹ́ ń wọ́ lọ ní ìsàlẹ̀ wọn. Ojú kò lè ti ibẹ̀ mọ iye ọ̀sẹ̀ tí oníṣẹ́ ọwọ́ yóò fi ṣiṣẹ́ kí ó tó ra òṣùwọ̀n kan, bẹ́ẹ̀ ohun tí Playfair ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ sọ ọ̀kan, àwòrán rẹ̀ sọ òmíràn. Ẹni tí ó kọ́ ayé ní gíráàfù ni o. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ní 1983, Edward Tufte, ará Amẹ́ríkà, gbani níyànjú nínú ìwé rẹ̀ pé ó dára kí ìbú àwòrán máa ju òró rẹ̀ lọ. Ní 1988, William Cleveland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìrísí àwòrán. Wọ́n ní ojú ènìyàn máa ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdàgẹ̀rẹ̀ kan àti èkejì dáadáa bí àwọn ìlà inú àwòrán bá sún mọ́ dígíríì 45. Bí ìlà bá dúró ṣánṣán jù, tàbí tí ó sùn sílẹ̀ jù, ojú kò lè fi ọ̀kan wé èkejì mọ́.

Cleveland fi àmì dúdú tí ó máa ń hàn lójú oòrùn ṣe àpẹẹrẹ. Iye wọn máa ń pọ̀ sí i, ó sì máa ń dín kù, ní nǹkan bí ọdún 11 sí 11. Nínú àwòrán tí ó ga, ohun tí ènìyàn rí kò ju ṣóńṣó orí òkè ńlá àti kékeré lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ́ àwòrán náà gbọọrọ, tí wọ́n rẹ òró rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ó ti fara pamọ́ hàn síta: iye náà máa ń yára gòkè, ó sì máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Fèrèsé ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Nítorí náà, a kò sọ pé àwòrán gbọọrọ nìkan ni òótọ́, tí àwòrán gíga sì jẹ́ èké. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí a sọ ni pé yíyan ìrísí fèrèsé jẹ́ ìpinnu, ẹni tí ó bá dá ìpinnu náà ṣe ni ó ti sọ apá kan ọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

FÈRÈSÉ TÍ A FI ỌWỌ́ FÀ

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ àìbìkítà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lo R ni wọ́n ń lò ó nínú ètò mìíràn tí ń jẹ́ RStudio. Níbẹ̀, àwòrán máa ń jáde ní igun kan lójú kọ̀ǹpútà, ìrísí rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé bí ẹni náà ṣe fa ààlà igun náà sí. Bí ó bá fà á sókè, àwòrán ga. Bí ó bá fà á sápá kan, àwòrán fẹ̀. Ènìyàn méjì lè kọ àṣẹ kan náà lórí kọ̀ǹpútà méjì, kí wọ́n sì rí àwòrán tí kò jọ ara wọn.

Èyí tí ó burú jù ni ti ìgbà tí a bá fẹ́ fi í pamọ́. Àwọn tí ń lo àpò irinṣẹ́ ggplot2 ń fi àṣẹ ggsave pa àwòrán mọ́. Bí wọn kò bá sọ ìbú àti òró fún un, bí fèrèsé ṣe rí ní wákàtí yẹn ni yóò ṣe gbà á. Òkè tí àwọn aṣojú wa yóò wá máa bá jà lórí tábìlì lè jẹ́ òkè tí akọ̀wé kan fi máòsì fà láìmọ̀.

Oògùn rẹ̀ kò le. Kí a má fi ọwọ́ fa fèrèsé, kí a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ nínú àṣẹ. Width ni R ń pe ìbú, height ni ó ń pe òró. Bí a bá fẹ́ ṣí fèrèsé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 12, tí òró rẹ̀ jẹ́ 4, ohun tí a ó kọ nìyí:

dev.new(width = 12, height = 4)

Ẹni tí ó bá wà nínú RStudio yóò fi noRStudioGD = TRUE kún un, kí fèrèsé náà lè dá dúró, kí ó má baà padà sí igun tí ọwọ́ ń fà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó fọkàn ẹni balẹ̀ jù ni kí a kọ ọ́ tààrà sínú ìwé àwòrán tí a fẹ́ pamọ́:

png("owo-osu.png", width = 12, height = 4, units = "in", res = 150)

Lẹ́yìn tí a bá yà á tán, a ó fi dev.off() ti ìwé náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lo àṣẹ yìí, ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, lórí kọ̀ǹpútà ńlá tàbí kékeré, ìbú àti òró kan náà ni yóò rí. Káfíńtà kì í fi ojú wọn pákó nígbà tí tépù wà lápò. Télọ̀ kì í gé aṣọ oníbàárà kí ó tó wọ̀n ọ́n. Èé ṣe tí a ó fi jẹ́ kí wọ́n fi ojú wọn owó oṣù wa?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ mọ èyí náà: bí fèrèsé bá kéré jù, R yóò kọ iṣẹ́, yóò ní etí àwòrán ti pọ̀ jù. Etí òkè àti ti ìsàlẹ̀ nìkan ń gba nǹkan bí íńṣì 1.84. Bí òró fèrèsé kò bá ju ìyẹn lọ, kò sí àyè fún ìlà. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ẹ fi kún òró, tàbí kí ẹ dín etí kù pẹ̀lú àṣẹ par àti mar.

BÍ A TI Í MỌ̀ ỌN

Ẹnikẹ́ni lè dá àwòrán tí wọ́n ti fún pọ̀ mọ̀, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Àkọ́kọ́, ẹ wo lẹ́tà ara rẹ̀. Bí lẹ́tà àti nọ́ńbà bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrẹ́ igbálẹ̀, tàbí tí wọ́n sanra pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, a jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán náà tán ni ẹnì kan tún fà á. Bí lẹ́tà bá dára ṣùgbọ́n tí ìlà dúró ṣánṣán, nígbà tí wọ́n ń yà á ni wọ́n ti yan ìrísí náà. Èkejì, ẹ wo ìsàlẹ̀: ọdún mélòó ni wọ́n kó sínú íńṣì kan? Ẹ̀kẹta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́: ṣé láti òdo ni náírà ti bẹ̀rẹ̀, àbí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀?

Awakọ̀ mọ irú nǹkan báyìí. Díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ yọ síta máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn kéré, kí ó sì dà bí ẹni pé ó jìnnà. Awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í torí bẹ́ẹ̀ fọ́ díńgí. Ó mọ irú díńgí tí ó jẹ́, ó sì mọ iye tí ó yẹ kí òun fi kún un kí òun tó yà sọ́tùn-ún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí a máa ṣe sí gíráàfù.

Àwòrán ojú ọ̀nà tún ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀. Bí wọ́n bá ya ọ̀nà sínú fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ láìkíyèsára, ọ̀nà tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, tí ó forí lé ìwọ̀ oòrùn, yóò kúrú lójú. Èyí tí ó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, tí ó forí lé àríwá, yóò gùn. Ẹni tí wọ́n bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pín owó ìrìn-àjò fún, yálà kí ó jẹ gbèsè tàbí kí ó jẹ́ ẹlòmíràn níyà. Nínú R, bí a bá sọ pé kí asp jẹ́ 1, ìwọ̀n apá méjèèjì yóò dọ́gba, bó ti wù kí fèrèsé rí.

ÒFIN KAN NÁÀ FÚN WA ÀTI FÚN WỌN

Àwọn kan nínú wa yóò ní, "Ó dára. Kí àwa náà ya tiwa. Bí wọ́n bá fa tiwọn ga, kí a fa ti owó oúnjẹ ga jù ú lọ." A kò fara mọ́ èyí. Bí a bá fi fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ ya jàǹbá ilé ẹ̀rọ kí ọkàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè gbóná, ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé rúlà lé e, a ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ òótọ́ di àbùkù. Ohun tí a bá kọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, a kò gbọdọ̀ ṣe é fún ara wa. Èyí kan ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú, ó sì kan ìròyìn owó ẹgbẹ́ tí akápò máa ń kà fún wa lópin ọdún.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Kí ni ó kan ẹni tí ń di sítíárì mú nínú R?" Ìdáhùn wa kúrú. Nígbà kan rí, àwọn ọ̀gá nìkan ni ó ń ka ìwé àdéhùn, òṣìṣẹ́ sì ń tẹ ìka lé e. Ẹgbẹ́ ni ó ní kí a kọ́ ìwé kíkà, kí a lè ka ohun tí a ń fọwọ́ sí. Àwòrán ni ìwé àdéhùn ti òde òní. Kò di dandan kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n yà, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka jíròrò lé lórí. Èkínní, kí alága àti akọ̀wé kọ̀wé sí àwọn agbanisíṣẹ́ ṣáájú ìdúnàádúrà tí ó ń bọ̀, pé a fẹ́ nọ́ńbà pẹ̀lú gbogbo àwòrán, a sì fẹ́ kí ìbú àti òró jẹ́ ohun tí apá méjèèjì fọwọ́ sí. Ìbú 12 sí òró 4 ni a ó kọ́kọ́ dá lábàá fún owó oṣù ọlọ́pọ̀ ọdún, nítorí pé òun ni ó mú ìlà sún mọ́ dígíríì 45 tí Cleveland sọ. Bí wọ́n bá ní ìdí rere fún òmíràn, kí wọ́n sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ wa. Èkejì, kí ẹ̀ka yan ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan láti ilé ẹ̀rọ, ọ̀kan láti gárèjì, ọ̀kan láti ọ́fíìsì, kí wọ́n kọ́ R. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó, ètò náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a kọ ìbú àti òró sábẹ́ gbogbo àwòrán tí ẹ̀ka wa bá gbé jáde, bí a ti ń kọ iye sábẹ́ ìwé ẹ̀rí owó.

Òfin 2024 ní kí a máa tún owó oṣù tí ó kéré jù wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kì í ṣe márùn-ún-márùn-ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí fi hàn pé ìdúnàádúrà yóò máa yára dé, àwòrán yóò sì máa pọ̀ sí i lára ògiri. Bí a bá ń dúró de ọ̀gá kí ó bá wa ṣí fèrèsé, ibi tí ó bá fẹ́ kí a wò náà ni a ó máa wò.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ara wa wo nọ́ńbà ara wa, kí a sì mú tépù dání lọ síbẹ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára wa. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ní bà jẹ́ o.